Òkè Tó Gbà Wá Là, Ọ̀dàn Tí Ẹranko Jogún

Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ni mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko ẹni tó tó ti bàbá òun.

Tíṣà kan ní àdúgbò wa níbí ló dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Ó ti wo àwòrán nínú ìwé bí àwọn arìnrìn-àjò ṣe ń gun Òkè Andes ní Gúúsù Amẹ́ríkà, òkè tí ó gùn tó bí 7,000 kìlómítà, tí yìnyín wà lórí ṣóńṣó rẹ̀ láti ọdún dé ọdún, àti bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sí pápá koríko tó tẹ́ lọ rẹrẹ, tí ẹranko ń jẹ̀ níbẹ̀ ní agboagbo. Ó wá bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé Ọlọ́run ṣe ojúsàájú ni? Ṣé kò sí irú rẹ̀ ní tiwa?"

Mo ní ó wà. Mo ní mo ti fi ẹsẹ̀ mi tẹ̀ ẹ́, mo sì ti fi ojú mi rí i. Ohun tó ń ṣe wá ni pé àwa tí a ń gbé nínú igbó kìjikìji yìí, ọ̀nà Èkó àti ọ̀nà Bìní nìkan ni a mọ̀. Bí a bá gbọ́ òkè, a ó ní ti ilẹ̀ òkèèrè ni. Bí a bá gbọ́ ẹranko, ẹran ìgbẹ́ tí wọ́n gbé kọ́ sí etí títì ló ń wá sí wa lọ́kàn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí fún yín, nítorí pé inú rẹ̀ ni ẹjọ́ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá.

ÒKÈ TÓ SÚN MỌ́ WA JÙ

Ní oṣù kejì ọdún 2018 ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì, gbéra ní Omifunfun. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a dìídì mú. Lásìkò náà koríko ọ̀dàn ti gbẹ, iná ti jó púpọ̀ nínú rẹ̀, ojú ń ríran jìnnà. Àwọn odò kéékèèké ti gbẹ pẹ̀lú, àwọn ẹranko a sì máa kó ara wọn jọ sí ibi tí omi bá kù sí. Ẹni tó bá lọ ní àárín òjò, koríko tó ga ju ènìyàn lọ ni yóò rí, yóò sì padà wá sílé wá sọ pé irọ́ ni mo pa.

A gba Oǹdó kọjá sí Àkúrẹ́, a sì yà sí Ìdànrè. Mo fẹ́ kí ọ̀rẹ́ mi kọ́kọ́ rí òkè ilé kí ó tó rí ti òkèèrè. Àtẹ̀gùn tí a fi ń gun òkè Ìdànrè lé ní 600, wọ́n sì ṣe ibi ìsinmi sí ojú ọ̀nà fún ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá ti ń ké. Nígbà tí a dé òkè, ìlú gidi ni a bá: ààfin àtijọ́, ilé ẹjọ́ àtijọ́, ilé ìwé àtijọ́, gbogbo wọn láàárín àwọn àpáta ràbàtà. Orí òkè yìí ni àwọn ará Ìdànrè gbé fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún. Ní ọdún 2007 ni Nàìjíríà fi orúkọ òkè náà ránṣẹ́ sí UNESCO, pé kí wọ́n gbé e yẹ̀ wò bóyá yóò di ọ̀kan nínú ogún gbogbo ayé.

Kí ló gbé ènìyàn lọ máa gbé lórí àpáta? Ogun ni. Ẹni tó wà lókè ń rí ọ̀tá kí ọ̀tá tó rí i, òkúta kan ṣoṣo tí a bá sì yí láti òkè, ó lè tú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ká. Àwa ará Orè kò ní láti jiyàn lórí èyí. Àwọn àgbà wa tí ogun bá níbí ní ọdún 1967, tí gbogbo Yorùbá fi ń sọ pé "Ó le kú, ìjà Orè," wọ́n mọ bí ó ti rí kí ènìyàn gbé ẹrù lórí kí ó sì máa wá ibi tí ọta ìbọn kò ní dé.

Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, a gbọ́ igbe ọ̀wàwà láti inú pàlàpálá àpáta. Ẹranko kékeré ni, kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ehoro lọ, ṣùgbọ́n bí ó bá ké lóru, àlejò á rò pé wọ́n ń pa ènìyàn ni. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọba ti sọ̀ kalẹ̀, ọ̀wàwà ló kù tó ń ṣọ́ ààfin." Àwàdà ló fi ọ̀rọ̀ náà ṣe, ṣùgbọ́n kò kúrò lọ́kàn mi títí a fi parí ìrìn àjò náà, nítorí pé ohun tí a bá níwájú kò yàtọ̀ sí i.

A WỌ ÒKÈ ÒGÙN

Láti Àkúrẹ́ a gba Ilé-Ifẹ̀ àti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́. Níbẹ̀ ni olú ọ́fíìsì ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ wà, èyí tí wọ́n ń pè ní Old Oyo National Park. A san owó, a gba ìwé ìyọ̀ǹda, wọ́n sì sọ ibi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ yóò ti pàdé wa. Ẹ má ṣe wọ igbó náà láìgba ìwé o. Ẹni tí wọ́n bá mú níbẹ̀ láìní ìwé, olè ẹran ni wọn yóò pè é.

Láti Ọ̀yọ́ a forí lé Ìṣẹ́yìn, ìlú àwọn ahunṣọ. Bí ọkọ̀ ti ń lọ ni ilẹ̀ ń yí padà lójú wa. Kòkó ti tán tipẹ́. Ọ̀pẹ ń dín kù. Igi òrí bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú, àti igi igbá tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe irú. Afẹ́fẹ́ gbẹ, ètè wa là. Àwa ọmọ igbó tí ojú wa kì í ríran kọjá igi kẹta, ojú ọ̀run wá tóbi jù fún wa.

Nítòsí Ìṣẹ́yìn ni Adó-Àwáyè wà. Wọ́n ní àtẹ̀gùn òkè rẹ̀ jẹ́ 369. Èmi kò kà á, èémí mi ni mo ń kà. Lórí òkè náà ni adágún Ìyakẹ̀ wà, omi lórí àpáta, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń wá wò láti ọ̀nà jíjìn. Ìlú àtijọ́ wà lókè níbẹ̀ pẹ̀lú kí àwọn ènìyàn tó sọ̀ kalẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni Òkèhò tí kò jìnnà sí ibẹ̀. Lẹ́yìn rògbòdìyàn tó ṣẹlẹ̀ ní Ìṣẹ́yìn àti Òkèhò ní ọdún 1916, nígbà tí àwọn ènìyàn dìde sí ìjọba Òyìnbó, ni wọ́n kó àwọn ará Òkèhò kúrò lórí òkè wá sí ibi tí wọ́n wà lónìí. Ogun ló gbé wọn gòkè, ìjọba ló sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Ní gbogbo Òkè Ògùn, bí ẹ bá béèrè ìtàn ìlú, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi nawọ́ sí àpáta kan.

ÌWIN ORÍ ÒKÈ ÀJÀKÁ

A gba ọ̀nà Ṣakí, a kọjá Àgọ́ Àmọ̀dù àti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, a sì dé Ìgbòho. Ẹ̀yin tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ìtàn tó kàn yìí fún àwọn ọmọ. Nígbà tí àwọn Tápà kó Ọ̀yọ́-Ilé láyé àtijọ́, Aláàfin sá kúrò ní ìlú, nígbẹ̀yìn ni ìjọba rẹ̀ sì fìdí kalẹ̀ sí Ìgbòho. Aláàfin mẹ́rin ni a sin síbẹ̀: Òfìnràn, Egunojú, Ọ̀rọ̀m̀pọ̀tọ̀ àti Ajíbóyèdé. Igbó tí a sin wọ́n sí wà níbẹ̀ títí di òní.

Lẹ́yìn wọn ni Abípà jọba, ó sì ní àwọn yóò padà sí Ọ̀yọ́-Ilé. Àwọn ìjòyè kò fẹ́. Ilé ti gbà wọ́n, oko ti gbà wọ́n, ta ni yóò tún lọ máa ṣán ìgbẹ́ tuntun? Ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, sọ ohun tí wọ́n ṣe. Wọ́n kó àwọn abuké, àwọn àfín, àwọn aràrá àti àwọn mìíràn tí ìrísí wọn lè dẹ́rù ba ènìyàn, wọ́n fi wọ́n pamọ́ sórí òkè Àjàká ní Ọ̀yọ́-Ilé. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, wọn a gbé iná lọ́wọ́, wọn a máa rìn kiri, wọn a máa kígbe pé kò sí àyè fún ènìyàn níbẹ̀ mọ́. Àwọn ìránṣẹ́ ọba tó lọ wo ilẹ̀ sáré padà wálé, wọ́n ní ìwin ti gba ìlú.

Abípà gbọ́ àṣírí náà, kò pariwo. Ó ránṣẹ́ pe ọdẹ mẹ́fà, ó ní kí wọ́n lọ mú àwọn ìwin náà wá fún òun. Àwọn ọdẹ lọ, wọ́n sì kó gbogbo ìwin wálé láàyè! Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe Abípà ní Ọba M'ọ̀rọ̀, ọba tó mú ọ̀rọ̀. Ọ̀yọ́-Ilé tún di ìlú, ó sì tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo rọ̀ yín kí ẹ fi ọdẹ mẹ́fà yìí sọ́kàn. A óò tún padà sọ̀rọ̀ ọdẹ.

ÌLÚ TÓ DI KORÍKO

Láti Ìgbòho a lọ sí Ìgbẹ́tì, ìlú tí òkè Ìyámọ̀pó dúró tì bí ìyá tó ń ṣọ́ ọmọ. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà pàdé wa, a sì bá wọn wọ inú ọ̀dàn lọ sí ahoro Ọ̀yọ́-Ilé.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹnu mi kò lè ròyìn rẹ̀ tán. Ní ọdún 1826 tí Òyìnbó tí ń jẹ́ Clapperton dé ibẹ̀, ìlú ńlá ló bá. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnu bodè mẹ́wàá ni ògiri ìlú náà ní. Àwọn ará Lander, tẹ̀gbọ́n tàbúrò, tún dé ibẹ̀ ní ọdún 1830. Kò pé ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn èyí tí ìlú náà fi dá páropáro. Ogun pẹ̀lú Ìlọrin pa Aláàfin Olúewu, àwọn ènìyàn túká, Àtìbà sì tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó sí Àgọ́ Ọ̀jà, tí í ṣe Ọ̀yọ́ òde òní.

Ohun tí a bá níbẹ̀ ni ògiri tó ti di òkìtì gígùn nínú koríko, àpáàdì káàkiri ilẹ̀, igi oṣè ńláńlá, àti ojú àpáta tó ti jìn kòtò níbi tí àwọn obìnrin ti ń lọ nǹkan. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ọwọ́ sínú ọ̀kan nínú àwọn kòtò náà, ó ń dán bí inú àwo. Ọwọ́ ìyá ta ni ó lọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀? Èèyàn mélòó ni a gbé oúnjẹ fún láti ibẹ̀? Ibi tí ọlọ́jà ti ń pe oníbàárà, ìgbẹ́ ẹranko ni mo rí, tútù, tí kò tíì gbẹ.

Bí ọ̀dàn náà ṣe di ti ẹranko nìyẹn. Ènìyàn sá, koríko hù, ẹranko wọlé. Nígbà tí ó yá, ìjọba fi ààlà sí i. Apá kan di rìsáàfù ní ọdún 1936, apá kejì ní ọdún 1941. Ní ọdún 1952 wọ́n sọ ọ́ di ibi tí a ti ń dáàbò bo ẹranko, ní ọdún 1991 ni ó di ọgbà ìjọba àpapọ̀. Ilẹ̀ náà fẹ̀ tó 2,512 kìlómítà níbùú lóròó. Odò Ògùn, tí ń ṣàn lọ sí Abẹ́òkúta, ń gba inú rẹ̀ kọjá.

OHUN TÍ OJÚ WA RÍ NÍ ÀFẸ̀MỌ́JÚMỌ́

Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀ṣọ́ kan jí wa kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹni àgbà ni, ọmọ ọdẹ, ó sì mọ igbó náà bí ẹni mọ yàrá ara rẹ̀. Ó ní kí a má ṣe lo lọ́fíńdà, kí a má wọ aṣọ funfun, kí a sì pa fóònù wa. A ń rìn, ẹnì kan kò sọ̀rọ̀.

Àwọn ìjímèrè ni a kọ́kọ́ rí. Wọ́n dìde dúró lórí ẹsẹ̀ méjì láti wò wá, bí àwọn ìyá tó ń wo ìyàwó tuntun láti ojú fèrèsé, wọ́n sì sáré lọ gbuurugbu. Àwọn awó fò dìde. Nígbà tí a dé etí omi kan, ẹ̀ṣọ́ náà gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wa sì dúró.

Agbo ẹran kan wà níwájú wa, wọ́n tó bí ogún. Wọ́n jọ àgbọ̀nrín, ṣùgbọ́n wọ́n ga jù ú lọ, àwọ̀ wọn pupa bí erùpẹ̀ ilẹ̀ ibẹ̀, ọ̀fun wọn funfun, ìwo àwọn akọ sì tẹ̀ sẹ́yìn kí ó tó tún nà sókè. Kob ni ìwé àwọn ẹ̀ṣọ́ ń pè é. Wọ́n ń mu omi. Ọmọ kan nínú wọn ń fi orí kan ìyá rẹ̀ lábẹ́, ó ń wá ọmú. Ọ̀rẹ́ mi di apá mi mú, ó ń sọ̀rọ̀ ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọ ọdún méjìlélógójì ni mí. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò tíì rí ẹran ìgbẹ́ tó ń mí rí."

Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ti wúwo tó. Ọmọ Orè ni. Kò sí ẹran tí kò tíì jẹ: àgbọ̀nrín, ẹtu, ọ̀yà, òkété, òòrẹ̀. Ó mọ adùn gbogbo wọn, ó mọ iye tí wọ́n ń tà wọ́n. Kò mọ ìrìn wọn.

Ẹ̀ṣọ́ náà fi ojú ẹsẹ̀ ẹfọ̀n hàn wá nínú ẹrẹ̀ tó ti gbẹ, ó tóbi tó àwo ọbẹ̀. Ẹfọ̀n fúnra rẹ̀ kò jáde sí wa. Mo bi bàbá náà pé, "Bàbá, ṣé wọ́n ṣì pọ̀?" Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, "Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bàbá mi máa ń sọ pé kí a má ṣe rin ọ̀nà yìí ní ọ̀sán nítorí ẹfọ̀n. Nísinsìnyí, ènìyàn ni a ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n ṣọ́ra fún." Ó ka àwọn ohun tó ń dà wọ́n láàmú fún wa: àwọn tó ń wọlé lóru pẹ̀lú ìbọn àti iná orí, àwọn tó ń kó agbo màlúù wọ inú ọgbà, àwọn tó ń gé igi fún èédú. Ẹ̀ṣọ́ kò pọ̀, ilẹ̀ fẹ̀.

Mo wá rántí àwọn ìwin orí òkè Àjàká. Láyé ọjọ́un, ìwin irọ́ ń kígbe pé kò sí àyè fún ènìyàn. Lónìí, ènìyàn gidi ló ń kígbe pé kò sí àyè fún ẹranko. Ọdẹ mẹ́fà ló gba ìlú padà lọ́wọ́ ìwin nígbà náà. Ọmọ ọdẹ ló tún ń ṣọ́ ohun tó kù báyìí, owó oṣù rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

ẸJỌ́ TÍ MO GBÉ WÁ

Nígbà tí mo padà dé, mo sọ ìtàn yìí fún ìyá kan tó ń ta ẹran ìgbẹ́ ní etí títì Orè. Ó gbọ́ ọ délẹ̀, ó sì dá mi lóhùn pé, "Bùọ̀dá mi, ọ̀rọ̀ yín dùn. Ṣùgbọ́n ẹran yìí ni mo fi rán ọmọ mẹ́ta nílé ìwé. Bí ó bá wà láàyè nínú igbó, ta ni yóò san owó ìdánwò wọn?"

Èmi kò ní fi ọwọ́ rọ́ ìyá yìí sẹ́yìn. Òótọ́ ló sọ. Ẹni tí ebi kò pa kò yẹ kí ó máa wàásù fún ẹni tí ebi ń pa. Ṣùgbọ́n ọlọ́jà ni ìyá yìí, èdè ọlọ́jà ni mo sì fi dá a lóhùn. Mo ní, "Ìyá, bí ènìyàn bá ní ojú owó, tí ojú owó ń bí èlé, èwo ni ó yẹ kí ó máa jẹ?" Ó ní èlé ni. Mo ní, "Bí ó bá jẹ ojú owó ńkọ́?" Ó ní ọjà rẹ̀ yóò tú. Mo ní ibi tí a wà gan-an nìyẹn. Èlé ni àwọn bàbá wa jẹ. Ìbọn ṣakabùlà ni wọ́n fi ń dẹ̀gbẹ́, wọ́n ń dẹ̀gbẹ́ fún ilé àti fún abúlé. Ìbọn òde òní, iná orí àti ọkọ̀ tó ń kó ẹran lọ sí Èkó, wọ́n ti gbé wa dórí ojú owó. Ìyá náà fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé nígbà tí òun bẹ̀rẹ̀ ọjà, àwọn ọdẹ ìtòsí ni wọ́n ń kó ẹran wá fún òun, ṣùgbọ́n nísinsìnyí ọ̀nà jíjìn ni òun ń rà á láti. Ọ̀rọ̀ yìí ló dá ẹjọ́ náà ju tèmi lọ.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí Òkè Andes tí tíṣà wa béèrè. Ẹran kan wà lórí òkè náà tí wọ́n ń pè ní vicuña. Ìbátan ràkúnmí ni, ṣùgbọ́n kò ní iké, irun rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú irun tó wọ́n jù láyé. Wọ́n pa á títí, nígbà tí ó fi di àárín ọdún 1960 sí 1969, kò tó 10,000 tó kù ní orílẹ̀-èdè Peru. Ìjọba ibẹ̀ dá ibi ààbò sílẹ̀ fún un ní Pampa Galeras ní ọdún 1967. Nígbà tó yá, wọ́n fún àwọn ará abúlé orí òkè ní ẹ̀tọ́ sí irun rẹ̀. Gbogbo abúlé a jáde, wọn a di okùn mú, wọn a rọra da agbo náà sínú ọgbà, wọn a rẹ́ irun wọn, wọn a sì tú wọn sílẹ̀ láàyè. Lónìí, vicuña Peru ti lé ní 200,000. Olè ẹran kò tán níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará abúlé ti di ẹ̀ṣọ́, nítorí pé ọjà wọn ló ń sáré nínú pápá yẹn.

Ẹran ọ̀dàn tiwa kò ní irun tí a lè rẹ́, mo mọ̀. Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ẹran tí ará abúlé kò bá rí èrè kankan lára rẹ̀ láàyè, pípa ni yóò máa pa á. Nítorí náà, ẹjọ́ mi dá lórí ìjọba ju orí ìyá ẹlẹ́ran lọ. Ìgbòho, Ìgbẹ́tì àti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí yẹ kí ó rí owó lára àlejò: ilé ìwọ̀sùn, oúnjẹ, iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ fún àwọn ọmọ ọdẹ. Títì tó dára yẹ kí ó dé ibẹ̀. Ẹlẹ́ran ìgbẹ́ yẹ kí ó rí ẹni tí yóò kọ́ ọ ní sísin ọ̀yà àti ìgbín nílé, kí ó lè tà wọ́n láìbá igbó jà. Àwọn kan ti ń sin ọ̀yà ní ilẹ̀ Yorùbá, ọjà rẹ̀ kì í kùtà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ọ̀rọ̀ Òkè Ògùn nìkan ni èyí. Nínú rìsáàfù Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí kò jìnnà sí wa, erin díẹ̀ ṣì kù. Erin! Ẹni tí a ń ki ní oríkì ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, tí ọmọ wa kò rí rí àfi nínú ìwé ABD. Rìsáàfù Olúwa tiwa ńkọ́? Oko àti igi gmelina ti gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Bí a bá jẹ ojú owó tán, oríkì nìkan ni a óò fi sílẹ̀ fún àwọn ọmọ, wọn yóò sì máa kì í láìmọ ẹni tí wọ́n ń kì.

FÚN ẸNI TÓ BÁ FẸ́ LỌ

Ẹ̀yin tíṣà, ẹ kọ́kọ́ kó àwọn ọmọ lọ sí Ìdànrè; ó súnmọ́ wa, ọjọ́ kan sì tó fún un. Kí ẹ gbé omi dání, kí ẹ wọ bàtà tó di ilẹ̀ mú, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún láàárọ̀ kí oòrùn tó mú.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ sí ọgbà Ọ̀yọ́-Ilé, kí ó kọ́kọ́ lọ béèrè ní ọ́fíìsì wọn ní Ọ̀yọ́ bóyá ọ̀nà dára. Láti ìgbà tí a lọ, àwọn agbébọn ti ń fi igbó ṣe ibùba ní ọ̀pọ̀ ibi ní ilẹ̀ wa, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má lọ, ẹ má lọ. Bí wọ́n bá ní kí ẹ lọ, ẹ má rin òru, ẹ má sì dá nìkan wọ ọ̀dàn.

Ẹni tí apá rẹ̀ bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, Yankari wà ní ìpínlẹ̀ Bauchi, níbi tí erin wà, tí omi gbígbóná Wikki sì ń sun láti inú ilẹ̀. Òkè tó ga jù ní Nàìjíríà, Chappal Waddi, wà ní ìpínlẹ̀ Tàràbà. Gíga rẹ̀ jẹ́ 2,419 mítà, inú ọgbà Gashaka-Gumti ni ó sì wà, tòun ti ẹranko ìgbẹ́ tó yí i ká. Ó ṣẹ́ kù sí ọwọ́ yín láti béèrè nípa ọ̀nà ibẹ̀ náà kí ẹ tó di ẹrù.

Òkè gba àwọn bàbá wa là nígbà tí ogun ń lé wọn kiri. Ọ̀dàn gba àwọn ẹranko là nígbà tí ènìyàn sá kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé. Nísinsìnyí ogun ti dé bá àwọn ẹranko náà, wọn kò sì ní òkè mìíràn tí wọn yóò gùn. Ẹ bá mi dá ẹjọ́ náà o, ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ̀yin tíṣà. Lẹ́tà yín ni mo ń retí, pàápàá jù lọ láti ọwọ́ àwọn tó ń ta ẹran ìgbẹ́, nítorí pé àgbà kì í gbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá.

Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ wa lọ́nà oko, lọ́nà odò. Àṣẹ.